Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN
Owó Ibodè àti Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọkọ̀

1. Kí ni àròkọ alárìíyànjiyàn?

Àròkọ alárìíyànjiyàn ni èyí tí a fi ń gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, tí a sì ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí ẹni tó ń kà á yóò fi gbà pẹ̀lú wa. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àpèjúwe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kékeré tàbí àpèjúwe ṣókí lè ràn án lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni olùyẹ̀wò yóò máa wá nínú rẹ̀: èkínní, ìhà tí o wà; èkejì, ìdí tí o fi wà níbẹ̀; ẹ̀kẹta, èsì tí o fún ẹni tó wà ní ìhà kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ máa ń rántí méjì àkọ́kọ́, wọn a sì gbàgbé ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ka ìbéèrè dáadáa kí o tó gbé bírò. Bí wọ́n bá ní kí o kọ ọ̀rọ̀ tí o máa sọ níbi àríyànjiyàn ilé-ẹ̀kọ́, nígbà náà ni wàá kí alága, àwọn adájọ́, olùṣọ́ àkókò àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ, má kí ẹnikẹ́ni. Bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ní tààrà.

2. Àkọlé wa

"Owó ibodè ni ọ̀nà tó dára jù láti dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kù ní ìlú Èkó." Ǹjẹ́ o fara mọ́ èyí?

O lè bi ara rẹ pé kí ló kan ọmọ Fìdítì tàbí ọmọ Ìlọra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Ó kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọsàn tí a ń ká lóko wa, a ń kó o lọ sí Èkó. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú ọ̀nà, ọsàn ń jẹrà. Bí awakọ̀ bá sì san owó kan lójú ọ̀nà, inú owó ọkọ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Má ṣe kọ àròkọ yìí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ òkèèrè.

3. Tú àkọlé náà palẹ̀

Owó ibodè kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó lẹ́nu bodè ìlú, a sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó bá gbé ẹrù kọjá. Láyé òde òní, tóògéètì ni a ń pe irú ibodè bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà, o kò sì gbọdọ̀ da wọ́n pọ̀. Èkínní ni èyí tí a ń gbà láti fi san owó tí a fi ṣe ọ̀nà tàbí láti fi tún un ṣe. Irú rẹ̀ ni tóògéètì tó wà ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, kí ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ní kí wọ́n wó wọn ní nǹkan bí ìparí ọdún 2003. Irú rẹ̀ náà ni ti òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Èkejì ni èyí tí a ń gbà kí ọkọ̀ má baà pọ̀ jù nígboro. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àárín ìlú ní wákàtí tí èrò pọ̀ ni yóò san án. Èyí ni àkọlé wa ń sọ.

Owó orí àti owó tí ìjọba bù lé orí epo bẹntiróòlù tún yàtọ̀ sí owó ibodè. Ẹni tó ń wakọ̀ lóko tí kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà náà ń ra epo. Nítorí náà, owó orí epo kò mọ̀yàtọ̀ láàárín Ìlọra àti Èkó, ṣùgbọ́n owó ibodè mọ̀ ọ́n.

4. Ìlapa èrò

Pín ìwé rẹ sí méjì, kí o kọ kókó ìhà méjèèjì sílẹ̀ kí o tó yan ọ̀kan.

Àwọn tó fara mọ́ ọn yóò sọ pé:
(a) Ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Singapore bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1975. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá kó èèyàn mẹ́rin kì í san nígbà náà. Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2003. Ní Stockholm, ilẹ̀ Sweden, wọ́n dán an wò ní ọdún 2006, àwọn ará ìlú dìbò fún un, ó sì di òfin ní ọdún 2007.
(b) Ẹni tó ń dí ọ̀nà ló yẹ kó sanwó ọ̀nà.
(d) Owó náà yóò wúlò fún títún ọ̀nà ṣe.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn yóò sọ pé:
(a) Kò sí ọkọ̀ èrò tó tó fún ẹni tó bá gbé mọ́tò rẹ̀ sílé.
(b) Orí mẹ̀kúnnù ni owó náà yóò já sí.
(d) Òfin tó kàn ń dí ènìyàn lọ́nà kì í pẹ́ kí àwọn olówó tó rí ọ̀nà gbà yọ nínú rẹ̀.

5. Àṣìṣe kan tí n kò lè gbàgbé

Mo fún kíláàsì mi ní irú àkọlé yìí ní ọdún mélòó kan kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn. Ó kọ gbólóhùn kan báyìí: "Bí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, ìyá mi ni yóò san án." Nínú gbogbo ìwé tí mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, n kò rí gbólóhùn tó dára tó èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìpínrọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀rù bà á. Ó kọ ọ́ pé: "Síbẹ̀, owó ibodè dára, ìjọba gbọ́dọ̀ máa gbà á." Gbogbo ohun tó ti kọ́ láti òkè wá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó. Máàkì rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Mo pè é, mo bi í pé èwo ló gbà gbọ́. Ó ní ti àkọ́kọ́ ni, pé òun rò pé olùyẹ̀wò kì í fẹ́ kí ọmọdé bá ìjọba jiyàn ni. Gbọ́ mi dáadáa: olùyẹ̀wò kò bìkítà nípa ìhà tí o wà. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí o dúró sí ibi tí o wà, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Mo ní kó tún un kọ. Orí kókó tirẹ̀ ni mo gbé àròkọ ìsàlẹ̀ yìí lé. Mo ti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kún un.

6. Àròkọ àwòkọ́ṣe

Kò sí ẹni tó ti wọ Èkó rí tí kò mọ ohun tí à ń pè ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyá mi ń kó ọsàn láti Fìdítì lọ sí Èkó. Bí ọkọ̀ bá dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, inú oòrùn ni ọsàn náà ń wà, àdánù rẹ̀ sì di ti ìyá mi. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni mo fi sọ pé n kò fara mọ́ àbá yìí. Owó ibodè kọ́ ni ọ̀nà tó dára jù láti dín in kù. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi gbé mọ́tò rẹ̀ sílé.

Ní àkọ́kọ́, ẹni tí a bá lé gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò sá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1977, ìjọba pín àwọn ọkọ̀ Èkó sí méjì nípa nọ́ńbà wọn: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tí kò ṣeé pín náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra mọ́tò kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ tí òfin fẹ́ dín kù wá ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gba owó ibodè ní Lẹ́kí láti ọdún 2011 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2020, síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn san owó tán, wọ́n tún dúró sójú kan, nítorí pé wọn kò ní ohun mìíràn tí wọn lè wọ̀.

Ní èkejì, ẹni tó san owó ibodè lẹ́nu bodè kọ́ ni ẹni tó ru ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá tó wà nínú mọ́tò ńlá yóò san án láìbojú wẹ̀yìn. Onídánfó yóò san án, yóò sì gbé e lé owó ọkọ̀. Ìyá mi yóò gbé e lé owó ọsàn, bí ọsàn náà bá tà. Bí kò bá tà, òun nìkan ni yóò fara gbá a. A ti rí irú èyí rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti parí. Jálá epo tí à ń rà ní ohun tí kò tó igba náírà fún lítà kan fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Lóòótọ́, àwọn kan gbé mọ́tò wọn sílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní mọ́tò rárá, ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi rìn.

Ní ẹ̀kẹta, a ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, Èkó ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá láti Máìlì 12 dé CMS. Ní ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Máìlì 2. Ní ọdún 2024, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti Agbádó dé Òyìngbò. Ó ṣeni láàánú pé Gómìnà Lateef Jákáńdè ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1983, tí ìjọba ológun sì fagi lé e ní ọdún 1985. Ogójì ọdún ni Èkó fi dúró de ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Àwa ará òkè náà ti jàǹfààní díẹ̀: láti ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, Mọ́níyà sì wà lójú ọ̀nà wa sí Ìbàdàn.

Àwọn tó fara mọ́ owó ibodè yóò ní kí n wo Lọ́ńdọ̀nù àti Singapore. Mo ti wò wọ́n. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ dín kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Lọ́ńdọ̀nù tó gba kọ́bọ̀ kan, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin sì ní orí ètò ìrìnnà ni kí wọ́n ná owó náà lé. Ẹni tó gbé mọ́tò sílé ní Lọ́ńdọ̀nù rí ohun tí yóò wọ̀. Kì í ṣe owó ibodè nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ èrò tó ti wà nílẹ̀ ló mú kó ṣeé ṣe.

Ní ìkádìí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlú tó bá fẹ́ kí mọ́tò dín kù lójú títì gbọ́dọ̀ la ọ̀nà mìíràn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Bodè tí a bá gbé dí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ní, ìyà ni yóò fi jẹ ẹni tó ń ru ọsàn. Nítorí náà, n kò fara mọ́ ọn pé owó ibodè ni ọ̀nà tó dára jù.

7. Kíyè sí nǹkan wọ̀nyí

(a) Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ti sọ ìhà tí òǹkọ̀wé wà. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn sì padà sọ ọ́, kò yí i.
(b) Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó kan ṣoṣo, ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e. Ọdún àti orúkọ ibi kan dára ju "ní ọ̀pọ̀ ìgbà" àti "ní ibi púpọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Irọ́ kan lè ba òótọ́ mẹ́wàá jẹ́.
(d) Wo ìpínrọ̀ karùn-ún. Òǹkọ̀wé gbà pé òótọ́ wà lẹ́nu alátakò rẹ̀, kò sì torí ìyẹn kúrò níbi tó wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a gba òótọ́ àti kí a yí padà nìyẹn. Òun ni ọmọbìnrin ọjọ́sí kò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́.
(e) Òwe kan péré ló wà nínú àròkọ náà, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu. Má da òwe bo àròkọ bí ẹni da iyọ̀ sọ́bẹ̀.
(ẹ) Àròkọ yìí gùn díẹ̀ kí àlàyé lè kún. Nínú ìdánwò, tẹ̀ lé iye ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè bá sọ.

8. Iṣẹ́ ṣíṣe

(i) Kọ àròkọ lórí àkọlé yìí kan náà, ṣùgbọ́n kí o wà ní ìhà kejì. Rí i dájú pé o fèsì sí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́sàn; má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ.
(ii) Kọ ọ̀rọ̀ tí o máa sọ níbi àríyànjiyàn lórí àkọlé yìí: "Ó sàn kí ìjọba ṣe rélùwéè ju kó la títì lọ."
(iii) Bi awakọ̀ èrò kan ní gáréèjì tó súnmọ́ ọ pé owó mélòó ló ń san lójú ọ̀nà lójúmọ́, àti ta ni ó rò pé ó ń san án ní tòótọ́. Fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí nínú ìpínrọ̀ kan.