Òpó Tí Iná Ń Jẹ, Tí Wọ́n Ń Fi Kún Láìpa Iná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú àwọn ìléru ńlá tí wọ́n fi ń yọ́ òkúta inú ilẹ̀, òpó dúdú kan ni iná mànàmáná ń gbà wọlé. Ẹlẹ́kitiróòdù ni wọ́n ń pè é. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ìdí rẹ̀ ń jó tán. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó ti yọ́ lè dì mọ́ inú ìléru.

Carl Wilhelm Söderberg ló rí ọ̀nà àbáyọ ní orílẹ̀-èdè Norway, ní nǹkan bí ọdún 1919. Òpó tirẹ̀ dà bí agolo irin gígùn tí kò ní ìdí. Láti òkè ni wọ́n ti ń ki èédú lílọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pò sínú rẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń sè é. Nígbà tí ooru náà bá fi tó bí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti le koránkorán. Bí ó bá ń kúrú, wọ́n á jó agolo mìíràn mọ́ orí rẹ̀ lókè, iṣẹ́ kò sì dúró nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ o! Bí òṣìṣẹ́ bá kánjú, èyí tí kò tíì jinná yóò kan iná, òpó á já, ọ̀dà gbígbóná á sì tú dà sínú ìléru. Iná tó bá sọ lákòókò náà lè jó àwọn tó wà nítòsí.