Báàgì Tó Yẹ Ẹ̀yìn Àlejò Nílẹ̀ Ìgbómìnà

Àlejò tó bá ń bọ̀ wá rìn nígbó ilẹ̀ Ìgbómìnà, báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ rí ká tó rí ojú rẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó àti Àbújá wá ló ń ṣe mí ní kàyéfì jù: báàgì ràgàjì aláwọ̀ ṣọ́jà, okùn ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lára rẹ̀, ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹní tí wọ́n ká wà lókè, bàtà kejì ń jó lẹ́yìn. Ẹ óò rò pé òkè Kilimanjaro ni wọ́n ń lọ. Ilé ère òkúta ìlú Èsìẹ́ ni wọ́n ń lọ o, níbi tí ọlọ́kadà máa já wọn sí nítòsí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Báàgì aláwọ̀ ṣọ́jà, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba aráàlú láti máa wọ aṣọ ológun, ṣọ́jà tó sì dúró sójú títì kò ní yẹ ìwé wò kó tó pinnu bóyá báàgì wà lára aṣọ tàbí kò sí lára rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń da apá gúúsù Kwara láàmú, ọ̀nà wa kún fún ṣọ́jà, ọlọ́pàá, fijilanté àti ọdẹ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ti inú igbó yọ pẹ̀lú àwọ̀ igbó lára, wọn ò ní kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni. Búlúù dáa, pupa dáa, àwọ̀ ọsàn ló dáa jù, nítorí ẹni tí ẹ jọ ń rìn á máa rí yín láàárín koríko gíga.

Ẹ̀yìn àwọ̀ ni títóbi. Lítà 25 sí 30 ti tó. Ìrìn òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ la ń wí níbí: omi, oúnjẹ díẹ̀, ẹ̀wù òjò, tọ́ọ̀ṣì, oògùn, fóònù àti owó lọ́wọ́. Ẹni tó bá ra lítà 60, kò sí bí kò ṣe ní wá nǹkan kún un. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ fẹ́ pàgọ́ sùn nínú igbó. Láwọn ọdún tí a wà yìí, mi ò ní gbà fún ọmọ mi, mi ò sì ní gbà fún yín. Ẹ padà wá sùn ní Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin, níbi tí ilẹ̀kùn wà.

Bí ẹ bá fẹ́ dán báàgì wò kẹ́ ẹ tó sanwó, omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà ni òṣùwọ̀n tó rọrùn jù. Ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà, ogún ló wà nínú àpò kan, kílò mẹ́wàá sì nìyẹn. Ẹ kó mẹ́wàá sínú báàgì, ẹ gbé e kọ́, ẹ fi rìn yí ọjà ká. Bí ó bá jẹ́ èjìká nìkan ló ń ro yín, bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tàbí kò sí rárá. Ìbàdí ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, kí èjìká kàn máa dì í mú. Ohun tó bá wúwo, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ eegun ẹ̀yìn, ẹ má ṣe jẹ́ kó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìlọrin ń dáa ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí síìpù wọn bá ṣì ń lọ geere. Tèmi, ẹgbẹ̀rún méje náírà ni mo rà á, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́, kí owó epo tó fò sókè ní 2023. Ẹ má fi iye yẹn ná ọjà fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín.

Síìpù yìí, ọyẹ́ ló ń bà á jẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku pupa wa máa ń wọ inú eyín rẹ̀ títí yóò fi há. Ẹ fi àbẹ́là pa á. Nígbà òjò, ìbora tí wọ́n ń tà mọ́ báàgì kò tó, torí omi máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ kó ẹrù sínú ọ̀rá dúdú ńlá kẹ́ ẹ tó kó o sínú báàgì. Ẹ sì yẹra fún báàgì tó ní àpò aláwọ̀n níta. Ó dára lójú, àmọ́ èèmọ́ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tí wèrèpè bá wá bá a pàdé, ẹ óò máa họra títí dé Ìlọrin.

Ẹ wo ọdẹ wa. Àpò rẹ̀ kò tóbi, aṣọ tó nípọn tàbí awọ ni, ó fi kọ́ èjìká kan, ó gba àyà kọjá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé lóru, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí i láìtan iná. Bó bá sì dúró, kì í gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú igbó, ẹ̀ka igi ló ń fi kọ́, nítorí ìjàlọ. Torí náà ẹ wo òkè báàgì yín bóyá ó ní okùn tí wọ́n lè fi kọ́ igi. Bí ẹ bá pàdé ọdẹ lọ́nà, "Àrìnpa o" ni ẹ máa kí i. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ láìtọrọ.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ gan-an. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi yan báàgì nílẹ̀ wa ni bó ṣe ń tètè bọ́. Ẹ wọ ìlú, ẹ rí àgbàlagbà lábẹ́ igi, ẹ fẹ́ béèrè ọ̀nà. A kì í fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn kí àgbà. Ẹ tú kílíìpù ìbàdí, ẹ tú ti àyà, ẹ bọ́ ọ kúrò ní èjìká méjèèjì, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sí àárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń kí. Ìgbà náà ni ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, tí obìnrin á kúnlẹ̀. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú lítà 60 lẹ́yìn. Báàgì gorí ọrùn rẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn bàbá sáré gbé e dìde. Wọ́n dáríjì í, àmọ́ wọ́n ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ dòní. Bí ó bá jẹ́ ààfin ni, báàgì kì í tilẹ̀ bá yín wọlé débi tí ọba wà, ọwọ́ àwọn ará ààfin ló ń wà. Báàgì tó ní kílíìpù márùn-ún, tó gba ìṣẹ́jú méjì kó tó bọ́, a máa sọ ọmọlúàbí di aláìmọ̀wàáhù lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Èsìẹ́ fúnra rẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ báàgì yìí ti le jù. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó pọ̀ jù jókòó sórí àpótí, irun wọn dì dáadáa, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́ kí Ramshaw, tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, tó wá kọ ìròyìn wọn fún ìjọba ní 1933. Ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Èkó kọ́, Ifẹ̀ kọ́, Jos kọ́. Èsìẹ́ ni! Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó lè fìdí ẹni tó gbẹ́ àwọn ère náà múlẹ̀.

Ẹnu àwọn àgbà ní tirẹ̀. Wọ́n ní àlejò ni gbogbo ère náà tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá sọ́dọ̀ ọba Èsìẹ́, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ìránṣẹ́. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀, ẹnu kò kò lé e lórí. Àwọn kan ní bí ìlú ṣe gba àwọn àlejò náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn mìíràn ní àwọn àlejò náà ń gbèrò ibi sí ìlú. Olódùmarè sì sọ gbogbo wọn di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí fún àlejò tó bá ń pariwo nínú ilé ère náà. Ó máa ń dákẹ́.

Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère náà rọ̀ débi pé èékánná lè ha á. Orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kán kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Ẹ wá ro ẹni tó gbé báàgì ẹ̀yìn wọ àárín wọn, tó sì yí padà bìrí torí pé ẹnì kan pè é láti ya fọ́tò. Ẹ fi báàgì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ kò bá lè fi sílẹ̀, ẹ gbé e kọ́ àyà.

Láti Ìlọrin, ọkọ̀ Òmù-Àrán gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òrò kọjá; ní Òrò ni ẹ máa sọ̀ kẹ́ ẹ tó gba ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́. Lórí ọ̀kadà náà, àyà ni báàgì ń wà, torí bí ó bá wà lẹ́yìn nígbà tí ọ̀kadà ń gun òkè, yóò fà yín sẹ́yìn. Ẹ mú owó kéékèèké lọ́wọ́.

Omi Òwù tó ń já ní Ọ̀wá-Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ló ń wu àwọn onírìn jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: omi tútù láti orí àpáta tó ga ju 100 mítà lọ. Àmọ́ agbègbè yẹn wà lára ibi tí wàhálà ti pọ̀. Bí ará ibẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ má wá, ẹ má wá. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá, ẹ bá àwọn ọdẹ wọn lọ, ẹ sì mú aṣọ mìíràn sínú ọ̀rá, torí omi máa ta sí yín lára.

Nígbà tí ẹ bá padà sí Òmù-Àrán, ẹ béèrè oníyán tó wà nítòsí gáráàjì. Mi ò ní dárúkọ ìyá náà, kí èrò má baà pọ̀ jù fún wa. Odó ló fi ń gún un, ẹ óò gbọ́ ọ láti òde. Ẹ̀gúsí pẹ̀lú wàrà díndín ni kẹ́ ẹ ní kó bù, kẹ́ ẹ sì tètè débẹ̀, nítorí ó máa ń tán. Ẹ fọwọ́ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá béèrè fọ́ọ̀kì, ó ń fún un, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ máa ń kéré.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ̀ Ìlọrin kì í pọ̀ mọ́ ní gáráàjì náà. Kí aago mẹ́rin tó lù, ẹ ti wà nínú ọkọ̀.