Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌDÍLÉ: BÍ ÌWÉ ÌPẸ̀JỌ́ ỌKỌ̀ BÁ DÉ

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ìwé kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa sùn ní ilẹ̀ England àti Wales: ìwé ìpẹ̀jọ́ nítorí owó ìtanràn ọkọ̀ tí a kò san. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

1. Ìwé àkọ́kọ́. Bí kámẹ́rà bá mú ọkọ̀ pé ó sáré jù, ọlọ́pàá yóò kọ̀wé sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ọjọ́ 28 ni a ní láti sọ ẹni tí ó wà á. Bí eré náà kò bá pọ̀ jù, ó lè parí sí £100 àti pọ́íǹtì 3 lórí láísẹ́ǹsì. Ẹni tí ó bá dákẹ́ lè gba pọ́íǹtì 6 àti ìtanràn tí ó lè tó £1,000.

2. Ká má purọ́. Bí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n bá bẹ̀ wá pé ká gba pọ́íǹtì òun sórí, ká kọ̀ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní 2003, Vicky Pryce gba pọ́íǹtì ọkọ rẹ̀, Chris Huhne, tí ó di mínísítà lẹ́yìn náà. Ní 2013, ilé ẹjọ́ rán àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n oṣù 8.

3. Ìwé ìpẹ̀jọ́. Láti 2015, ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí ni májísíréètì kan ṣoṣo ń dá lórí ìwé. Ọjọ́ 21 ni a ní láti kọ ọ́ pé a jẹ̀bi tàbí a kò jẹ̀bi. Bí a kò bá dáhùn, wọ́n lè dá a lẹ́bi lẹ́yìn wa. Ẹni tí ó jẹ̀bi tí ó sì tètè gbà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n sábà ń yọ kúrò nínú ìtanràn rẹ̀. Ẹ kọ iye tí ń wọlé fún yín sínú fọ́ọ̀mù, nítorí òun ni adájọ́ ń wò. Ẹ sì lè bẹ̀bẹ̀ láti san án díẹ̀díẹ̀. Bí a kò bá jẹ̀bi, wọn yóò dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́.

4. Bí a kò bá mọ̀. Nígbà mìíràn ìwé ti lọ sí ilé tí a ti kó kúrò. Láàárín ọjọ́ 21 tí a gbọ́, a lè búra níwájú ilé ẹjọ́ tàbí lọ́yà pé a kò mọ̀ nípa ẹjọ́ náà. Ìdájọ́ yẹn yóò di asán, ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìbúra èké ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà, bí a bá kó lọ ilé mìíràn, ká tètè sọ fún DVLA.

Ẹni tí kò bá san lẹ́yìn ìdájọ́, bélífù lè wá kó ẹrù rẹ̀. Mátíù 5:25 kọ́ wa láti tètè parí ọ̀ràn kí a tó dé iwájú adájọ́. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé sórí fìríìjì. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ tí ó dé, ẹ dáhùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá.

Ìbéèrè fún ìdílé:
(a) Ṣé àdírẹ́sì tuntun wa ni ó wà lórí láísẹ́ǹsì àti ìwé ọkọ̀ wa?
(b) Ta ni nínú ilé wa tí ń bá àwọn òbí ka ìwé ìjọba?
(d) Kí ni a óò sọ fún ẹni tí ó ní ká gba pọ́íǹtì òun?