Bí Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Bá Ń Ké Lẹ́yìn Àkúnya Omi

Àwọn tó rí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ̀ pé ìpalára omi kì í tán lọ́jọ́ tí omi bá fà. Bó ṣe ń ya ilé ló ń ya ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wọ inú ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ló jẹ́ pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kó iṣu lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró, oúnjẹ ilé dúró.

Lẹ́yìn tí omi bá fà, ọkọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíì nígbàkígbà tí a bá ṣíná sí i. Ẹlòmíràn á sáré ra bẹ́líìtì tuntun, owó á lọ, ariwo ò ní lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ká jọ kọ́ bí a ṣe ń wá orísun ariwo náà ká tó náwó.

Iṣẹ́ tí bẹ́líìtì ń ṣe

Bẹ́líìtì yìí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáànbẹ́líìtì, ló ń gba agbára lára ẹ́ńjìnnì, tó sì fi ń yí àwọn púlì. Òun ló ń yí alternator tí ń fi iná sínú bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì àti èyí tí ń mú kí sítíárín rọ̀. Bí ó bá já, bátìrì yóò kú, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná, sítíárín yóò le. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà, ewu ńlá ni.

Kí ẹ tó ṣíná rárá

Bí omi bá dé ibi ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe ṣíná. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì dà á nù, kó sì yẹ ẹ́ńjìnnì wò ná.

Ẹ fojú wò ó

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí bẹ́líìtì. Bí ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn bá há sáàárín ìlà rẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ. Bí ọ́ìlì bá ti rin ín, ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ ti fà ya, tí ó ń dán bíi dígí, tàbí tí ìlà rẹ̀ ti jẹ, kò ṣeé lò mọ́.

Ẹ fetí gbọ́ ọ

Bí ó bá ń ké fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láàárọ̀, tó sì dákẹ́, ọ̀rinrin lásán lè ni. Bí ariwo bá ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ tan iná iwájú tàbí tí ẹ yí sítíárín dé òpin, bẹ́líìtì ń yọ̀ ni: yálà ó dẹ̀, tàbí púlì kan kò yí dáadáa.

Ẹ lè fi omi dán an wò. Kí ẹnì kan jókòó síwájú ọkọ̀, kó fa bíréèkì ọwọ́, kí ọkọ̀ má sì sí nínú jíà. Kí ẹnì kejì dúró jìnnà díẹ̀, kó fín omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ìlà. Bí ariwo bá dákẹ́ díẹ̀ tó sì padà, àwọn púlì kò dọ́gba. Bí ó bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì dẹ̀ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí apá bùbá, ìbòrùn tàbí ọwọ́ sún mọ́ ọn.

Ibi tí àgbàrá ń bà jẹ́ jù

Inú púlì kọ̀ọ̀kan ni bíárín wà. Àgbàrá a máa fọ gíríìsì inú rẹ̀ kúrò, a sì kó iyanrìn wọ̀ ọ́, ìpẹtà á wá dé. Púlì á le, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí rẹ̀, á sì máa ké. Bẹ́líìtì tuntun tí a bá fi sórí irú púlì bẹ́ẹ̀ yóò tètè jẹ. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì tú bẹ́líìtì, kó fọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń rin bí iyanrìn, tó ń mì, tàbí tó kọ̀ láti yí, òun ni kí ẹ pààrọ̀. Kó yẹ apá tí ń fa bẹ́líìtì le wò pẹ̀lú, nítorí ìpẹtà lè mú un há.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun

Ẹ fi fóònù ya àwòrán bí bẹ́líìtì ṣe gba orí púlì kí wọ́n tó tú u. Ẹ mú ògbólógbòó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà, kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, 6PK1750 túmọ̀ sí ìlà 6 àti gígùn mìlímítà 1750. Bí bẹ́líìtì bá jẹ́ ti àtijọ́, aláìnílà púpọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ibi tó gùn jù. Bíi mìlímítà 10 sí 15 ló yẹ kó wọlẹ̀. Bí ó bá le jù, yóò ba bíárín jẹ́.

Ẹ má fi ọṣẹ, àbẹ́là, gíríìsì tàbí dísù pa ariwo náà lẹ́nu mọ́. Ó lè dákẹ́ lónìí, kó sì já lọ́la lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Bí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, tí ooru ẹ́ńjìnnì sì ń lọ sókè, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ohun tó bàjẹ́ hàn yín, kí ẹ̀yin náà sì fọwọ́ ara yín yí i wò.