Síìpù, Bọ́tìnnì àti Rọ́bà Ìbàdí

Ohun tó ń dé aṣọ pa ló sábà máa ń bàjẹ́ kí aṣọ fúnra rẹ̀ tó gbó. Ní Oregbeni, lórí Ikpoba Hill ní ìlú Benin, òkìríkà kì í wọ́n, ìyẹn ló ń mú kí ọ̀dọ́ ju ṣòkòtò tó ṣì le koko sórí ààtàn nítorí síìpù lásán.

Bí síìpù bá ń là lẹ́yìn tí wọ́n ti fà á pa, eyín rẹ̀ kọ́ ló sábà jẹ̀bi. Orí tí wọ́n ń fà ni ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Kí ọ̀dọ́ fà á dé ìsàlẹ̀, kó fi ẹ̀mú kékeré fún ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, díẹ̀díẹ̀. Ìwàǹwára níbí, fífọ́ ni. Èyí tó bá ń há, àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ ni kí wọ́n fi ra eyín rẹ̀. Bí eyín ìsàlẹ̀ bá ti yọ, òwú líle tí wọ́n rán léraléra sókè ibẹ̀ yóò dá orí síìpù dúró.

Igi ìṣáná lábẹ́ bọ́tìnnì nígbà tí wọ́n bá ń rán an máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ìnípọn aṣọ. Tí wọ́n bá yọ igi náà, kí wọ́n wé òwú mọ́ ìdí bọ́tìnnì. Ní ti rọ́bà, pínnì ni wọ́n fi ń fa tuntun gba inú ìbàdí aṣọ. Síìpù tí eyín rẹ̀ ti ká tán kọjá àtúnṣe ilé: ọbíọmà tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kiri àdúgbò ló ni ín.