Kí Ẹ Tó Kan Ìṣó Mọ́ Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ya àwòrán, tí ẹ ń gbẹ́ igi, tí ẹ ń rẹ aṣọ láró, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Gagi nílùú Sókótó, tó ń wù yín láti pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín nínú gbọ̀ngàn àdúgbò, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé àwòrán kọ́ ara ògiri fún aráyé wò. Mo ti pàtẹ níbi tí èrò kò ti rí ààyè dúró, mo sì ti pàtẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò yà sí. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Ìmúrasílẹ̀ wọn ni kò dọ́gba.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹni tó ti wà ní Sókótó tẹ́lẹ̀ náà ní àpò tó yẹ kó kọ́kọ́ tú wò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi léèrè pé: kí ni àwọn ará àdúgbò yìí ti ń fi ọwọ́ wọn ṣe kí ẹ tó dé? Ewúrẹ́ pupa Sókótó ni awọ rẹ̀ lókìkí. Láyé àtijọ́, ràkúnmí a máa ru awọ láti Kánò àti Sókótó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé etí òkun àríwá. Ibẹ̀ làwọn òyìnbó ti ń rà á, tí wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò. Ẹ tún wo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà láyà agbádá àwọn ará Sókótó, igbá tí wọ́n fín, àti wàláà tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ. Ibi tí irú nǹkan báwọ̀nyí wà, ojú àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti mọ ọnà kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá oníṣẹ́ awọ kan tàbí ẹni tó ń fín igbá, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ bá tiyín jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ẹ má tì í sí igun. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ tiyín.

Mi ò sọ èyí láti inú orí mi lásán. Ní 1961, Ulli Beier láti Jámánì àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ n'Ìbàdàn, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Àwọn ayàwòrán Uche Okeke àti Demas Nwoko pàtẹ níbẹ̀. Jacob Lawrence láti Amẹ́ríkà náà pàtẹ níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládípọ̀ eléré ìtàgé sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di ibi ìpàtẹ àti orí ìtàgé. Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ ní ti wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Mi ò tíì rí òfin ìpàtẹ tó dára ju orúkọ yẹn lọ. Ẹni tó ń kọjá lọ ni ó fún láṣẹ láti ṣe ìdájọ́.

Ẹ sì wo àwọn tó jáde níbẹ̀. Jimoh Buraimoh ló ń tan iná fún eré Dúró Ládípọ̀. Òṣèré àti onílù ni Mùráínà Oyèlámì. Oníjó ni Twins Seven-Seven nígbà tó wọ inú ẹ̀kọ́ ọnà tí Georgina Beier ṣe ní 1964. Àjọ UNESCO ló wá fi í joyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà Mbárí Mbáyọ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n di ayàwòrán. Nítorí náà, ọmọ tó ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn yín, ẹ bi í léèrè ohun tó rí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ sórí iṣẹ́ gan-an.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó kan ìṣó kan ṣoṣo, ẹ lọ kí olórí àdúgbò àti ìmáàmù. Ẹ kó àwòrán dání, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni ère tó dúró bí ènìyàn máa ń kọ lóminú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má gbé ọ̀kan síta, ẹ má bínú. Ìyẹn kò sọ yín di ojo. Ìbọ̀wọ̀ ni, òun ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìpàtẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ rántí àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Sókótó kì í wọ àárín èrò ọkùnrin. Sókótó fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn yín. Nana Asma'u, tó gbé ayé láti 1793 sí 1864, ọmọbìnrin Usman dan Fodio tó dá ìjọba Sókótó sílẹ̀, kọ́ àwọn obìnrin kan ní ewì àti ìmọ̀ ẹ̀sìn, ó sì rán wọn lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn nílé àti lábúlé. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin nìkan, kí obìnrin sì máa ṣàlàyé iṣẹ́ fún wọn. Èyí tó bá kéré nínú iṣẹ́ yín, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ gbé e lọ bá wọn nínú ọgbà ilé.

Ẹ yan díẹ̀. Ẹni tó kó ogójì àwòrán sínú yàrá ogún ti sọ ìpàtẹ di àká. Ẹ jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan rí ibi mí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, ẹ má fi ojú ìwọ̀n ọkùnrin tó ga jù nínú yín ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àárín gbùngbùn àwòrán kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bíi 150 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Bí àwòrán bá ga ní 80, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 40. Ẹ fi kún 150, ó di 190. Bí okùn ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ bá fà á le, bá fi 6 rẹlẹ̀ sí orí férémù, ẹ yọ 6 kúrò: 184 ni ìṣó yín yóò wà. Ẹ ta okùn gbọọrọ láti igun dé igun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ńkọ́? Ẹ fi iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kúkurú fún wọn.

Ojú ọjọ́ Sókótó kì í ṣe ti Òṣogbo. Ní ọdún kan, mo gbé ère igi tí ọ̀rẹ́ mi gbẹ́ lọ sí Òkè Ọya nínú oṣù Kejìlá. Igi náà kò tíì gbẹ tán, mo sì mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a gbọ́ tó dún gbàà. Ó ti là láti orí dé àyà. Ọ̀rẹ́ mi dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni. Ọyẹ́ a máa fa omi inú igi. Ẹ̀yìn igi a gbẹ ṣáájú inú, yóò sì sán. Igi tó bá ti gúúsù wá, ẹ jẹ́ kó ti dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ fi aṣọ wé e, kó máa fara mọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, tí ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ẹ má gbé nǹkan kan sí ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń lù. Àdìrẹ tí ẹ fi ẹ̀lú rẹ, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán orí ìwé. Eruku ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbá a. Ẹ má ṣe fi aṣọ tútù nù ún, yóò di ẹrẹ̀ lára ọ̀dà.

Káàdì ara ògiri, ẹ jẹ́ kó ṣókí: orúkọ yín, orúkọ iṣẹ́, ọdún, ohun tí ẹ fi ṣe é. Ẹ kọ ọ́ ní Haúsá ṣáájú, kí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà tó mọ Àjámì, ìyẹn Haúsá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, inú rẹ̀ yóò dùn bí ẹ bá fi kún un. Bí àlejò bá sì dúró níwájú iṣẹ́ yín, ẹ má sáré ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí.

Ti owó, ẹ jọ fẹnu kò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí: iye tí gbọ̀ngàn yóò gbà, iye tí yóò kan ẹni tó ṣe iṣẹ́, àti ọjọ́ tí yóò gbà á.

Ọjọ́ tí ẹ bá kó ẹrù yín, ẹ má lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ìṣó, ẹ dí ihò wọn, ẹ fi ọ̀dà tún ibẹ̀ kùn, kí ẹ tún padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún yín láyè. Gbọ̀ngàn àdúgbò, àdúgbò ló ni ín. Ẹ dá ògiri wọn padà fún wọn bí ẹ ṣe bá a.