Àyẹ̀wò Awọ Inú Ilé-Ọmọ Tó Nípọn Jù

Bí obìnrin kan ní Karaworo, nílùú Lokoja, bá tún rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, kò gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Awọ inú ilé-ọmọ lè ti nípọn jù.

Ẹ̀rọ ayàwòrán lè fi bó ṣe nípọn tó hàn, ṣùgbọ́n ẹran ara díẹ̀ tí wọ́n bá mú níbẹ̀ láti yẹ̀ wò ló ń fi irú rẹ̀ hàn. Lọ́dún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé pín in sí ọ̀nà méjì. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá tíì yí padà, kò tó 5 nínú 100 tó ń di jẹjẹrẹ láàárín 20 ọdún. Oògùn sábà máa ń kápá rẹ̀. Bó bá ti yí padà, jẹjẹrẹ lè ti sá pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn yíyọ ilé-ọmọ.

Ó yẹ kí obìnrin béèrè èyí tí èsì tirẹ̀ jẹ́.